Àkọ́sórí kọ́ ni ìwé kíkà

Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń yọ̀ nígbà tí ọmọ wọn bá parí ọdún kìíní ní ilé-ìwé. Ọmọ á dúró níwájú àlejò, á ka "a, bé, sé, dé" títí dé òpin, gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá fi ẹfun kọ "bàtà" sára ògiri, tó ní kí ọmọ kà á, ẹnu ìyá rẹ̀ ni yóò máa wò. Orin ló kọ́, kò tíì kọ́ ìwé kíkà.

Ẹ̀bi ọmọ kọ́. Orúkọ lẹ́tà ni a kọ́ ọ, a kò kọ́ ọ ní bí lẹ́tà ṣe ń dún. Bí ó bá so "bé" pọ̀ mọ́ "a", "béa" ni yóò pè, kì í ṣe "ba". "Sé" ni wọ́n ń pe lẹ́tà c ní Faransé, síbẹ̀ ó ń dún bíi k nínú "café". Èdè tí ọmọ kì í gbọ́ nílé ni a sì fi ń kọ́ ọ. Ẹrù méjì ni a gbé lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Yorùbá, lẹ́tà kì í sábà yí bí ó ṣe ń dún padà. Lẹ́tà márùn-ún péré, a, i, b, l àti t, tó láti bẹ̀rẹ̀: ata, ilá, àlà, bàbá, bàtà. Ohun tí ọmọ ń rí nílé àti lọ́jà ló ń kà yẹn.

Kò sì yẹ kí á so ọmọ kékeré mọ́ àga. Ẹ fa àyíká sórí iyanrìn, kí ẹ kọ lẹ́tà kan sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pe "b", kí ọmọ fò sínú rẹ̀; ẹ pe "a", kí ó fò sí i, kí òun fúnra rẹ̀ sì pe "ba". Kí ó pàtẹ́ lẹ́ẹ̀mejì fún "bà-tà", lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún "ọ̀-gẹ̀-dẹ̀". Fún ohùn òkè, kí ó na ọwọ́ sókè. Fún ti àárín, kí ó dúró. Fún ti ìsàlẹ̀, kí ó lóṣòó. Ara rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ pé ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n kí ojú ọmọ wà lára lẹ́tà o. Bí kò bá rí lẹ́tà, eré lásán ni.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí Faransé lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. B, l àti t tí ọmọ kọ́ ní Yorùbá náà ni yóò bá pàdé nínú Faransé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ tí kò mọ ìwé kà ní CI àti CP yóò gbé àìmọ̀ náà dé CM2. Níbẹ̀ ni a ó ti máa pè é ní olódo, tí òun náà yóò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka 11 nínú òfin ìpilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 1990 fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti sọ èdè wọn, kí wọ́n sì kọ ọ́. Kí àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ jẹ́ kí òmìnira náà dé kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi bí lẹ́tà ṣe ń dún ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iyanrìn lálaalẹ́ kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Nígbà tí àlejò bá tún dé, ẹ má ní kí ọmọ kọrin lẹ́tà mọ́. Ẹ kọ "ilá" sílẹ̀, kí ẹ ní kí ó kà á.