Bàbá Kì í Ṣe Olùrànlọ́wọ́ Nílé

Ní ilé tí mò ń gbé ní Ọ̀tọ̀, nítòsí Oyíngbò, ìdílé mẹ́jọ ló ń lo ilé ìdáná kan. Bí aago 7 alẹ́ bá ti lù, ohùn àwọn ìyá la máa ń gbọ́: "Ya ẹnu! Gbé e mì! Má tu ú o!" Ọmọ ọdún méjì á kó ẹ̀wà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, á máa wo ìyá rẹ̀ lójú. Ọbẹ̀ wà lórí iná, aṣọ ọmọ wà nínú omi, àwo ọ̀sán ṣì wà nílẹ̀. Bàbá ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Bí ó bá gbé ọmọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, gbogbo ilé á máa yìn ín: "Ó mà ń ran ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ o!"

"Ràn lọ́wọ́" yìí ni mo bá jà. Ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ ló ni iṣẹ́. Nígbà tí a bá sọ bẹ́ẹ̀, a ti dájọ́ pé ìyá nìkan ló ni ọmọ títọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni orúkọ bàbá ni ọmọ ń jẹ́.

Ìjọba ti gbìyànjú díẹ̀. Ní ọdún 2014, Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 10 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde ọjọ́ iṣẹ́ 14 fún àwọn tiwọn. Ó dára. Ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kí a tó fi oúnjẹ kún un. Ìsinmi bàbá ti parí tipẹ́ kí ṣíbí àkọ́kọ́ tó kan ẹnu ọmọ. Ní oṣù 6 yẹn, bàbá lè ní òun kò ní ọmú. Kí ni yóò sọ nípa ògì àti mọ́ínmọ́ín? Ọwọ́ wo ni kò lè di ṣíbí mú?

Àwọn àgbà ní ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Igba ojú yẹn ti dín kù ní Èkó. Ìyá àgbà wà ní Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀yọ́. Aládùúgbò ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí méjì nínú ojú mẹ́rin bá tún wà lórí fóònù, mélòó ló kù fún ọmọ?

Àwọn kan á ní ó ti rẹ bàbá, pé sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ti gba agbára rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn nídìí ọjà láti àárọ̀, ṣé igi ni? N kò ní kí a máa fi òṣùwọ̀n wọn iṣẹ́. Kí olúkúlùkù ní èyí tó jẹ́ tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní rán an létí. Bí bàbá bá gba ìwẹ̀ àárọ̀ àti oúnjẹ alẹ́ ọmọ, kó jẹ́ tirẹ̀ lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ pé ọmọ tu ẹ̀wà sí i láyà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ìyá ọlọ́mọ wà láàárín wa tó jẹ́ pé ẹ̀yìn aago 11 alẹ́ ni wọ́n ń ráyè ṣí ìwé. Bí wọ́n bá féèlì, a máa ń ní wọn kò múra. Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ń tọ́mọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Àwa ọkùnrin tí a kò tíì gbéyàwó, ẹ jẹ́ ká kọ́ bí a ṣe ń fọ àwo tí a kò jẹun nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá sì yìn wá pé a ń ran ìyàwó wa lọ́wọ́, ká dá a lóhùn pé: "Rárá o. Ọmọ mi ni mò ń fún lóúnjẹ."