Oògùn Ẹ̀yìn Àwọ̀n Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Ìtàn Ìfẹ́

Ìwé ìtàn ìfẹ́ nípa eléré ìdárayá ń tà wàràwàrà ní Amẹ́ríkà. Èyí tó bá dá lórí agbá-baseball tí kì í fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí oríire má baà bọ́ máa ń jáni kulẹ̀ bí òǹkọ̀wé bá kàn fi ìgbàgbọ́ yẹn pani lẹ́rìn-ín, tó sì gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ìfẹ́ bá wọlé.

Ẹ̀rù ni gbòǹgbò irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Wade Boggs, agbá-baseball Boston Red Sox nígbà kan rí, máa ń jẹ adìyẹ nítorí oríire kó tó wọ pápá, bẹ́ẹ̀ akọni ni.

Ẹ̀rù kan náà wà nínú bọ́ọ̀lù Áfíríkà. Ní Surulere lọ́dún 2000, Senegal ń fi góòlù kan na Nàìjíríà nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù kan sáré wọ pápá, ó yọ oògùn kúrò lẹ́yìn àwọ̀n Senegal. Julius Aghahowa gbá góòlù méjì wọlé, Nàìjíríà sì borí. Lọ́dún 2002, nínú ìdíje kan náà ní Bamako, ọlọ́pàá wọ́ Thomas Nkono, olùkọ́ àwọn aṣọ́lé Cameroon, kúrò lórí pápá, wọ́n ní ó gbé oògùn síbẹ̀.

Ìtàn nìyẹn! Kí ni ìyàwó irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yóò sọ tó bá padà délé?

Ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Aradagun, lọ́nà Badagry, yẹ kó rí ìwé kà tí olólùfẹ́ méjì ti ń jà lórí oògùn, tí ìjà náà sì dunni dọ́kàn. Ẹ̀yin òǹkọ̀wé Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́.