Ọjà tí Kì í Dúró De Ẹnì Kan

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ nájà ní Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́ ní láti jí ní kùtùkùtù, kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ọjà. Lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin lè jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Àkúrẹ́, kí ó fi ìka tẹ fóònù, kí ó sì bá àwọn ará Amẹ́ríkà ṣòwò. Ohun ìyanu ni èyí, n kò sì gàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé òwò àjókòóṣe kò ní wàhálà nínú, mo máa ń mi orí. A gbé ọjà wọ inú ilé, a kò gbé ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀ lóde.

Òwò kan ni mo ní lọ́kàn jù, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní “option”. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní ẹ̀tọ́ ọlọ́jọ́, kí a sì fi kòkó ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Ká ní oníṣòwò kan tọ àgbẹ̀ kan lọ ní Oǹdó ní oṣù kẹjọ, ó fún un ní owó díẹ̀, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé títí di òpin oṣù kọkànlá, oníṣòwò náà ní ẹ̀tọ́ láti ra kòkó ní iye kan pàtó, bí ó bá wù ú. Bí kòkó bá gbówó lórí, yóò rà á ní iye àdéhùn, yóò sì jèrè. Bí ó bá wálẹ̀, kò ní rà á, ṣùgbọ́n owó tí ó kọ́kọ́ san ti di ti àgbẹ̀. Bí ọjọ́ àdéhùn bá sì ti kọjá, ẹ̀tọ́ náà ti kú. Ẹ̀tọ́ láti tà náà wà, fún ẹni tí ó rò pé iye ọjà yóò wálẹ̀. Bákan náà ni a ń ṣe é lórí ìpín ilé iṣẹ́. Láti ọdún 1973 tí wọ́n ti ṣí ọjà pàtàkì kan fún un ní ìlú Chicago ni ó ti ń gbilẹ̀.

Ìṣòro kìn-ín-ní ni ti aago. Ọjà New York ń ṣí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ wọn. Èyí jẹ́ aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán lọ́dọ̀ wa, tàbí aago mẹ́ta ààbọ̀ nígbà òtútù wọn, kì í sì í parí títí di aago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́. Ìgbà tí ọmọ ń ti ilé ìwé dé, tí àlejò ń kan ilẹ̀kùn, ni ó gbọ́dọ̀ tẹjú mọ́ ọjà. Ta ni nínú ará ilé tí yóò gbà pé ẹni tí ó jókòó ti fóònù wà lẹ́nu iṣẹ́?

Ìṣòro kejì ni ti iná mànàmáná àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọmọ ilé ìwé wa àtijọ́ kan ní Àkúrẹ́ sọ fún mi pé èrè wà lórí ẹ̀tọ́ òun ní ọjọ́ tí yóò parí gan-an, nígbà tí òjò dé tí iná sì lọ. Kí ó tó rí ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ọjà ti yí padà, èrè ti lọ, owó àkọ́san sì ti bá a lọ. Nínú owó kòkó ìyá rẹ̀ ni ó ti mú un, owó tí ó yẹ kí àbúrò rẹ̀ fi san owó ilé ìwé.

Ìṣòro kẹta ni ti owó. Àdéhùn kan sábà máa ń dúró fún ìpín 100. Bí iye rẹ̀ lórí ìpín kan bá jẹ́ dọ́là 2, dọ́là 200 ni a ó san. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan kò tó náírà 500 ní báńkì. Ní ọdún 2024, ó kọjá 1,500. Bí a bá fi 1,500 ṣírò rẹ̀, àdéhùn kan ṣoṣo jẹ́ náírà 300,000. Èyí ju owó oṣù mẹ́rin lọ fún ẹni tí ń gba náírà 70,000 tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù. Bí ẹni tí ń tà bá sì ń béèrè dọ́là 2.10, tí ẹni tí ń rà ń san 1.80, ẹni tí ó rà tí ó tún tà lójú ẹsẹ̀ ti pàdánù dọ́là 30, kí a tó ka owó alágbàtà.

Ẹnì kan lè sọ pé iná ń lọ mọ́ ẹni tí ó ra ìpín gan-an lọ́wọ́ pẹ̀lú. Òtítọ́ ni. Ìpín náà sì ń wálẹ̀: láàárín ọdún 2008 sí 2009, ọjà ìpín Èkó pàdánù ju ìdajì iye rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìpín ilé iṣẹ́ tí ó dára dà bí igi kòkó: bí ilẹ̀ bá ṣú lónìí, a ó bá a níbẹ̀ lọ́la. Ẹ̀tọ́ ọlọ́jọ́ dà bí tòmátì inú agbọ̀n: bí a kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ọjọ́ ń jẹ ẹ́.

Ẹ wo kòkó tí ó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 12,000 ní New York. Kí ọdún 2025 tó parí, ó ti já sí nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ó sọ ní àárín ọdún 2024 pé kòkó yóò wálẹ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ra ẹ̀tọ́ tí ó parí ní òpin ọdún náà, owó rẹ̀ ṣègbé, nítorí òtítọ́ rẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé. Nínú òwò yìí, kò tó kí ènìyàn mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ó ní láti mọ ọjọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, èrò tèmi ni pé ẹni tí àkókò kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ra ohun tí àkókò ń jẹ. Ẹ kọ́ ìmọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, nítorí ìmọ̀ kì í ṣe ẹrù. Ẹ kọ́kọ́ ra èyí tí ó lè dúró dè yín, bí ó ti wù kí ó kéré tó. Bí ẹ bá sì fẹ́ dán ẹ̀tọ́ ọlọ́jọ́ wò lọ́jọ́ kan, kí ó jẹ́ owó tí ebi kò ní pa ẹnikẹ́ni bí ó bá sọnù. Owó kòkó ìyá ẹni kò sí lára rẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.