Kọ̀ǹpútà Tí A Fi Owó Wa Rà, Ta Ló Ni Ín?

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan ẹnikẹ́ni tó bá fi owó àjọ ra kọ̀ǹpútà tuntun sílé, tó sì fẹ́ fi Linux sí i. Linux ni ètò ìdarí kọ̀ǹpútà tí a kì í san kọ́bọ̀ fún, tí ẹnikẹ́ni sì lè tú wò, kí ó sì tún un ṣe.

Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ ọ́, kíá ni àwọn kan máa ń sọ pé ohun ọ̀fẹ́ kì í dára. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì gidi kì í sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kó tó yẹ plọ́ọ̀gì wò.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da àwọn fáìlì yín kọ sí ibòmíràn, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà 48 tí a fi ń ṣí BitLocker sílẹ̀, kí Windows má baà tilẹ̀kùn mọ́ yín. Bí ẹ̀rọ kò bá gba flash tí Linux wà lórí rẹ̀, ẹ wo Secure Boot nínú BIOS. Onígéètì ni: ẹni tí kò ní káàdì kò gbọdọ̀ wọlé. Microsoft ló sì ń fọwọ́ sí káàdì tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ̀. Ubuntu àti Debian ní in. Àwọn mìíràn kò ní, àfi kí a pa Secure Boot. Bí Linux kò bá rí dísìkì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi í sábẹ́ RAID dípò AHCI. Bí kò bá rí Wi-Fi, ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, kí ẹ gba íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kí ẹ fi wá fáìlì tí káàdì Wi-Fi náà nílò.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú ìdènà wọ̀nyí kì í ṣe ẹ̀bi Linux. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló fi ìmọ̀ pamọ́, bí ẹni ta ọkọ̀ fún awakọ̀ tó sì wẹ́ẹ̀dì bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa. Irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀ ló bí Richard Stallman nínú ní Amẹ́ríkà, tó fi kéde iṣẹ́ GNU ní 1983. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, gbé Linux jáde. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ti parapọ̀ ṣe é láti ìgbà náà.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó ti iṣẹ́ òru dé kò ráyè irú wàhálà báyìí. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnì kan dá a jà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Àbá wa rèé: bí a bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà, kí a jọ lọ rà á, kí a sì mú flash Linux dání. Linux lè ṣiṣẹ́ láti orí flash láìfọwọ́ kan dísìkì. Kí a yẹ Wi-Fi, ohùn àti dísìkì wò níwájú òǹtajà. Bí òǹtajà bá kọ̀, kí a kó owó wa lọ sí ibòmíràn. Awakọ̀ wo ló ń sanwó ọkọ̀ tí kò tíì wà wò?