Gbogbo Aláṣọ Funfun Kọ́ Ni Dókítà



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Orúkọ ni, orúkọ tí a fi ń pe àwọn tó ń tọ́jú wa nígbà tí ara ò bá yá. Nílùú wa níbí, bí ènìyàn bá ti wọ kóòtù funfun, dókítà ni. Ẹni tó gba ẹ̀jẹ̀ lára yín ní láàbù, dókítà. Ẹni tó ya ẹ̀sìréè fún yín, dókítà. Ẹni tó ń ta oògùn ní ìsọ̀ kẹ́míìsì ní ìkóríta, dókítà. Bó bá wá jẹ́ obìnrin ńkọ́? Kódà kó jẹ́ òun gan-an ni dókítà tó lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, tó sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, "nọ́ọ̀sì" lẹ ó pè é. Àwọn ọmọbìnrin wa tó ń lo híjáàbù tí wọ́n jẹ́ dókítà mọ ohun tí mò ń sọ.

Èrò tèmi rèé: ẹni tí kì í ṣe dókítà, tó mọ̀ pé aláìsàn gbà pé dókítà lòun, tó sì dákẹ́, irọ́ ló ń pa, bí kò tilẹ̀ la ẹnu. Àwa tí a ń pè é bẹ́ẹ̀ náà ń ràn án lọ́wọ́.

Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ẹni tó ń fi ohun tí a kò fún un ṣe fọ́rífọ́rí wé ẹni tó wọ aṣọ irọ́ méjì. Hádíìsì náà wà nínú Bukhārī àti Muslim. Èyí tó tún bá ọ̀rọ̀ wa mu jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lọ́dọ̀ Abū Dāwūd, Nasā'ī àti Ibn Mājah: ẹni tó bá ń ṣe ìṣègùn láìjẹ́ pé a ti mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ohun tó bá bàjẹ́ wà. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ "a mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà" ni wọ́n lò. Pé ènìyàn mọ nǹkan díẹ̀ nínú ara rẹ̀ kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ìlú mọ̀ ọ́n mọ́. Ohun tí orúkọ iṣẹ́ wà fún náà nìyẹn, kí ìlú lè mọ ohun tí wọ́n lè gbé lé ẹnì kan lọ́wọ́ àti ohun tí wọn kò gbọdọ̀ gbé lé e.

Bàbá kan wà lára àwọn òbí tó ń mú ọmọ wá sí ilé kéú wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá wọn fínra, wọ́n sì ń lo oògùn wọn déédéé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọ fún mi pé àwọn ti jáwọ́ nínú oògùn, pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ti wálẹ̀. Mo bi wọ́n pé dókítà wo. Wọ́n dárúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ìsọ̀ kẹ́míìsì ní àdúgbò, tó máa ń wọn ìfúnpá fún àwọn ènìyàn. Mo ní kí wọ́n padà sí ọsibítù. Ìyàwó wọn ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú mi. Èsì tí bàbá fọ̀ ni pé, "Ṣé dókítà méjì ni n ó máa bi ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni?" Ẹ ò rí i pé orúkọ yẹn ló dí ọ̀nà mọ́ wọn. Bó bá jẹ́ "ọmọ tó ń ta oògùn" ni wọ́n ń pè é, wọn ì bá tún béèrè níbòmíràn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn fi kọṣẹ́.

Ọmọbìnrin tó ń bá wọn na apá àti ẹsẹ̀ náà báyìí, físíò ni. Lọ́jọ́ tí mo bá wọn lọ, bàbá pè é ní dókítà. Ó ní, "Bàbá, físíò ni mí o. Bí ẹ ó ṣe tún máa rìn ni iṣẹ́ tèmi. Tó bá di ọ̀rọ̀ oògùn, ẹ jẹ́ ká bi dókítà." Ọ̀wọ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i lójú mi lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ustaz, ọ̀wọ̀ lásán la fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀, kò sí ibi nínú rẹ̀." Mo gbọ́. Àmọ́ irú ọ̀wọ̀ wo nìyẹn, tó jẹ́ pé orúkọ iṣẹ́ ẹlòmíràn la fi ń bu ọlá fún ẹni? Ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ tiẹ̀ kò ní ọlá lójú wa. Nínú Sūratul-Aḥzāb, àáyá 5, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a máa fi orúkọ bàbá tó bí wọn pe àwọn ọmọ tí a gbà tọ́, nítorí ìyẹn ló bá ẹ̀tọ́ mu jù. Ọ̀rọ̀ ìdílé ni àáyá yẹn ń sọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí a ní sí ọmọ náà kò sọ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ di tirẹ̀.

Àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ọdún 319 lẹ́yìn Híjírà, ìyẹn 931, wọ́n fi tó Kálífà al-Muqtadir létí ní Baghdad pé àṣìṣe oníṣègùn kan ti pa ọkùnrin kan. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìṣègùn mọ́ àfi ẹni tí Sinān ibn Thābit bá yẹ̀ wò. Àwọn òpìtàn ní àwọn tó wá ṣe ìdánwò náà lé ní 860. Ohun tó wù mí jù nínú ìtàn náà ni pé Sinān ń kọ ìwé fún olúkúlùkù nípa ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Bàbá àgbàlagbà kan wá, ó múra dáadáa, ó sì jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀ ọ́n kọ, òun kò mọ̀ ọ́n kà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí lòun fi ń bọ́ ẹbí. Sinān fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn pé kó má fọwọ́ kan àìsàn tí kò bá mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé, wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó dárúkọ bàbá àná! Sinān rẹ́rìn-ín, ó sì fún òun náà ní àdéhùn kan náà.

Nígbà náà, ẹni tó ń tọ́jú ojú, kaḥḥāl ni. Ẹni tó ń to eegun, mujabbir. Ẹni tó ń ta oògùn, ṣaydalānī. Ojú kò ti wọn. ʿAlī ibn ʿĪsā tó kọ ìwé ńlá lórí ìtọ́jú ojú ní Baghdad, "al-Kaḥḥāl" ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí títí dòní. Kò wá orúkọ mìíràn kún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní kókó kan tó le. Àwọn kan wà tí wọ́n gba oyè dókítà lóòótọ́ láìjẹ́ dókítà ọsibítù. Ní Nàìjíríà, optometrist ń kàwé ọdún mẹ́fà, "Doctor of Optometry" ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn apòògùn kan ń gba PharmD. Nọ́ọ̀sì tàbí onímọ̀ láàbù lè gba PhD. Oyè wọn ni, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn. Kódà, bó bá jẹ́ ti ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè Látìn ni, "olùkọ́" ni dókítà túmọ̀ sí, àwa tísà ló yẹ ká gba orúkọ wa padà! Mi ò fẹ́ bọ́ sáàárín NMA àti JOHESU lórí ẹni tó ga ju ẹnì kan lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé níwájú aláìsàn, kí oyè má dá dúró. "Dókítà Báyìí ni mí, optometrist ni mí." Gbólóhùn kan péré, kò sì bu oyè ẹnikẹ́ni kù.

Àwọn CHEW ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà náà, ẹ má fojú kéré wọn. Nínú ọ̀pọ̀ abúlé, àwọn ló ń fún ọmọ yín ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ní ìwé ìlànà tó sọ ohun tí wọ́n lè tọ́jú àti ìgbà tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní kí ẹ lọ sí ọsibítù ńlá. Bí a bá sọ wọ́n di dókítà, ta ni yóò gbà nígbà tí wọ́n bá ní, "Èyí ju agbára mi lọ"?

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń bí mi nínú jù ni ìdí ìgbéyàwó. Wọ́n á wá tọrọ ọmọ, wọ́n á ní "dókítà ni ọmọ wa o", gbogbo ilé á gba Allāhu Akbar. Lẹ́yìn yìgì ni ìyàwó á wá mọ̀ pé láàbù lọkọ òun ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ láàbù kò ní àbùkù kankan. Láìsí i, ojú dúdú ni dókítà fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn ti wọ ìpìlẹ̀ ilé yẹn, tadlīs sì ni àwọn onímọ̀ fíkíìhì ń pe irú rẹ̀. Nínú Sūratu Āli ʿImrān, àáyá 188, ìkìlọ̀ tó lágbára wà fún àwọn tó fẹ́ kí a yìn wọ́n fún ohun tí wọn kò ṣe. Ẹ̀yin òbí ọkọ, ẹ̀yin lẹ sábà máa ń pa irọ́ yìí.

Bí ẹ bá gbé aláìsàn dé ọsibítù, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín, kí sì ni iṣẹ́ yín níbí?" Ẹni tó ní ìwé àṣẹ kì í bínú sí i. MDCN ló ń fún àwọn dókítà ní tiwọn, ìgbìmọ̀ tàwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn àti onímọ̀ láàbù sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí, ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́ Mọ́mì ní orúkọ iṣẹ́ yín kí wọ́n tó sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù pé ọmọ àwọn ti di dókítà. Bí "radiographer" bá sì wọ́ mọ́ wọn lẹ́nu, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ tún un pè fún wọn.