Ilà Ojú Táyà
Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń wakọ̀ ní Ìlú Ọba, ẹ má dúró de MOT kẹ́ ẹ tó wo táyà yín. Òfin ní ilà ojú táyà gbọ́dọ̀ jìn tó mìlímítà 1.6. Owó ìtanràn lè tó £2,500 lórí táyà kan, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń já mi láyà. Ilà yẹn ló ń lé omi òjò kúrò lábẹ́ táyà. Tó bá ti jẹ tán, mọ́tò á máa yọ̀, àwọn ọmọ sì wà lẹ́yìn.

Ẹ ki owó ẹyọ 20p bọ inú ilà náà. Tí bèbè owó bá hàn síta, ẹ tètè lọ bá mẹkáníìkì. Nílé wa, ọmọ ló ń ki owó bọ̀ ọ́. Màá bi í pé, "Ó wọlé àbí ó yọjú?" Yorùbá ló fi ń dáhùn.