Bí Ẹ̀rọ Bá Gba Iṣẹ́ Ọmọ Iṣẹ́, Níbo Ni Ọ̀gá Ọ̀la Yóò Ti Wá?



Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Òun ni babaláwo ṣe ń dífá ọrọọrún. Àwọn baba wa kò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ ọ́ kí a lè máa yẹ ọ̀nà wò kí a tó gbé ẹsẹ̀. Ọ̀nà tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni ti ọgbọ́n àtọwọ́dá, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní AI, àti iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ọmọ wa.

Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 tí ChatGPT ti jáde sí gbangba, ẹ̀rọ ń kọ lẹ́tà, ó ń túmọ̀ èdè, ó ń ya àwòrán, ó sì ń dá oníbàárà lóhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àjọ IMF ṣírò rẹ̀ pé nínú iṣẹ́ 100 káàkiri ayé, nǹkan bí 40 ni ẹ̀rọ yìí lè fọwọ́ kàn. Pé ó fọwọ́ kan iṣẹ́ kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ náà yóò parẹ́. Ẹ̀rọ lè ran òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì lè gba ipò rẹ̀.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí fóònù alágbèéká tàn ká Nàìjíríà lẹ́yìn ọdún 2001, àwọn ọ̀dọ́ ṣí agboòrùn sí ìkóríta, wọ́n ń ta ìpè fún ènìyàn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí fóònù dé ọwọ́ tolórí tẹlẹ́mù, wọ́n pa agboòrùn dé. Lónìí, àwọn oní-POS ti ṣí tiwọn sí ìkóríta kan náà. Iṣẹ́ kan kú, òmíràn dìde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní ayé ti parí, kí ó fara balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ti àsìkò yìí tí ó yẹ kí ó kọ wá lóminú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Erik Brynjolfsson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí kan jáde lórí àkọsílẹ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé nínú àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí ti ráyè wọ̀ jù, bíi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà àti dídá oníbàárà lóhùn, ìgbanisíṣẹ́ àwọn ọmọ ọdún 22 sí 25 ti fi ìwọ̀n 13 nínú 100 rẹ̀yìn sí ti àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò tíì dé. Àwọn àgbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà kò rí irú ìfàsẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn ṣì wà lórí ohun tí ó fà á gan-an, ṣùgbọ́n àlàyé tí àwọn olùwádìí náà ṣe yóò yé ọmọ Yorùbá kíákíá: ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú ìwé, ẹ̀rọ náà sì ti ka ìwé. Àgbà ní tirẹ̀ mọ ohun tí ìwé kò kọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Aṣọ ni ẹ̀rọ ní. Àkísà ni kò ní.

Báwo wá ni àgbà ṣe ní àkísà? Ẹ jẹ́ kí a wo ilé awo. Ọmọ awo kì í ti ẹnu ọ̀nà bọ́ sí ìdí ọpọ́n. Ó ń gbálẹ̀, ó ń já ewé, ó ń gún un, ó ń gbé àpò tẹ̀lé ojúgbọ̀nà rẹ̀ lọ sóde. Nígbà tí ó bá ń já ewé ni ó ń mọ ewé. Nígbà tí ó bá ń gbé àpò ni ó ń rí bí àgbà ṣe ń bá ẹni tí ìdààmú bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe ń fi ewìrì fínná kí òòlù tó kan ọwọ́ rẹ̀, tí ọmọ aláró sì ń pọnmi, tí ó ń so aṣọ, kí ó tó dá ìkòkò aró tirẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ kéékèèké wọ̀nyí ni ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Irú iṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ gbà. Ọ̀gá tí ó bá gbé e fún ẹ̀rọ yóò jèrè lọ́dún yìí. Ní ogún ọdún sí i, nígbà tí àgbà bá re ibi àgbà ń rè, ta ni yóò jókòó sí ìdí ọpọ́n?

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí agbo tiwa. Àwọn ọ̀dọ́ wà láàrin wa tí títúmọ̀ èdè, fífi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ àti títẹ ohùn àgbà sílẹ̀ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ náà lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ ṣì ń fẹ́ ẹni tí yóò mọ̀ bí ó bá fi ọkọ́ sí ipò ọkọ̀, tàbí tí ó bá sọ ìlù di ìlú. Níbo ni olùtúnṣe náà ti kọ́ ọ? Nídìí títẹ ohùn àgbà ni. Bí a bá dí orísun, a kò gbọdọ̀ bínú pé odò gbẹ.

A kì í ṣe ọ̀tá irin. Ògún ni ó lànà fún wa. Ṣùgbọ́n irin kì í dá iṣẹ́ ṣe, ọwọ́ tí ó dì í mú ni ó ń darí rẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn òǹkọ̀wé eré sinimá àti tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 148. Wọ́n gba àdéhùn pé a kò ní ka ẹ̀rọ sí òǹkọ̀wé, àti pé ilé iṣẹ́ kò lè fi dandan mú òǹkọ̀wé lò ó. Ẹni tí ó bá sọ pé kò sí ohun tí a lè ṣe, kí ó wo ìyẹn.

Nítorí náà, a ń bẹ àwọn agbanisíṣẹ́: ẹ má ti ilẹ̀kùn ọmọ iṣẹ́ pa. Ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò 3MTT ní ọdún 2023 láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn ní iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí a kọ́ tí kò rí ibi fi ọwọ́ dánra wò, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó gbà. Kí ìjọba ran àwọn ilé iṣẹ́ tí ó bá ń gba ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́.

Kí àwa náà bẹ̀rẹ̀ nílé. Bí ẹgbẹ́ tàbí ilé awo kan bá gba ohùn àgbà sílẹ̀, kí ọmọ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó tó fi wé ti ẹ̀rọ, kí àgbà jókòó tì í kí ó tún un ṣe, kí a sì sanwó fún ọmọ náà. Yóò pẹ́ ju ti ẹ̀rọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá parí, ìwé yóò wà nílẹ̀, ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì wà pẹ̀lú.

Kí Elédùmarè má jẹ́ kí ọ̀nà iṣẹ́ dí mọ́ àwọn ọmọ wa. Àṣẹ.